Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Arìnrìn-àjò: Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ní New Orleans

LẸ́TÀ

Ìyá Arìnrìn-àjò, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá mi, tó ń gbé ní Atlanta. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni. Ó ti rí ẹni tó wù ú níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, wọ́n sì ti ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ibẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí.

Nígbà tó sọ fún wa, ilé wa dàrú. Nígbà tí màámi kú ní 2021, àwọn àgbà ẹbí ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibi ìsìnkú, kò sì wá. Mo wà níbi tí wọ́n ti sọ ọ́, n kò fèsì. Láti ìgbà náà, ìkíni ọdún Kérésì nìkan ló kù láàrin wa.

Ní oṣù tó kọjá, ó pè mí. Ó ní òun yóò pé ẹni 50 ọdún nínú oṣù kẹwàá, òun sì fẹ́ kí èmi, òun àti ẹnìkejì òun lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní New Orleans. Ó ní èmi ni kí n ṣètò rẹ̀, nítorí èmi ni mo máa ń ṣètò gbogbo ìnáwó ilé wa láti ìgbà èwe wa. Fíísà mi ṣì wà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Houston ni n ó ti gbéra.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni kò ní yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀? Mo gbọ́ pé ìhà gúúsù Amẹ́ríkà yẹn le. Ibo ni kí a dé sí? Kí ni a ó máa ṣe fún ọjọ́ márùn-ún? Ọmọ ìjọ ni mí, n kì í mu ọtí. Kí ni kí n máa pe ẹnìkejì àbúrò mi? Mo sì fẹ́ ra aṣọ òkè lọ fún ọjọ́ ìbí náà. Ṣé ti àbúrò mi nìkan ni kí n rà?

— Àǹtí Olùkọ́, Iléṣà

ÈSÌ

Àǹtí Olùkọ́, ọmọ Obòkun, mo kí yín. Láti ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà yín ti wà lórí tábìlì mi níbí ní Mọ̀ọ́rẹ̀. Èmi tí mo máa ń dáhùn lẹ́tà kí omi tíì mi tó hó, tiyín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. Ọdún 17 ni mo fi gbé New Orleans. Ọkọ mi ló lọ kàwé níbẹ̀ ní 1994, a kò sì padà sí Ifẹ̀ títí di 2011. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ní French Quarter, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń yan kéèkì àti búrẹ́dì láti agogo mẹ́rin ìdájí. Mo mọ ìlú náà bí mo ṣe mọ ọ̀nà Ẹnuwá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀rù wà. Ìpínlẹ̀ Louisiana le lóòótọ́, wọn kò parọ́ fún yín. Bí ẹ bá jáde nílùú gba àwọn abúlé rẹ̀ kọjá, kí àwọn méjèèjì máa la ojú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n New Orleans dá yàtọ̀. Láti 1991 ni òfin ìlú náà ti kà á léèwọ̀ láti fi ìyà jẹ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ilé tó háyà nítorí irú ẹni tó ń fẹ́. Ìgbéyàwó wọn sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2015, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan ni àwọn fẹ́, akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì yóò kàn na kọ́kọ́rọ́ sí wọn ni. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, ẹnìkejì rẹ̀ ni dókítà yóò bá sọ̀rọ̀.

Ní Bourbon Street, bí ẹ bá rìn láti apá ibi tí ariwo ti pọ̀ títí ẹ fi dé ìkòríta St. Ann, ẹ ó rí i tí àsíá òṣùmàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí àwọn báńkóónì. Ibẹ̀ ni àdúgbò àwọn tí wọ́n ń pè ní géè. Ilé ọtí kan wà ní igun Dumaine, Café Lafitte in Exile, tó ti wà lójú kan náà láti 1953. Àwọn arúgbó tó mọ ìtàn ibẹ̀ ṣì ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án. Orin ijó tí ìlú náà ń pè ní bounce, Big Freedia tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, tó sì jẹ́ géè láìfi pamọ́, ló gbé e káyé, tọmọdé tàgbà ìlú ló sì ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n Àǹtí, ìlú náà kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí n ó sọ yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn ju orúkọ òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1973, ẹnì kan ti iná bọ àtẹ̀gùn ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní UpStairs Lounge, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní igun Chartres àti Iberville, ní French Quarter. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ló máa ń pé síbẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ kan tó ń gba irú wọn, pásítọ̀ wọn pàápàá wà níbẹ̀. Irin wà lójú fèrèsé. Ènìyàn 32 ló kú, títí di òní wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un. Ọ̀pọ̀ ìjọ kọ̀ láti ṣe ìsìn ìdágbére fún wọn. Àwọn ẹbí kan kò wá gba òkú ọmọ wọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí aráyé mọ irú ibi tí ọmọ àwọn kú sí. Òkú mẹ́ta ni wọn kò mọ orúkọ wọn nígbà náà, inú itẹ́ àwọn aláìní ni wọ́n sin wọ́n sí. Ó di 2003 kí wọ́n tó ri àwo orúkọ wọn mọ́ ilẹ̀ níwájú ilé náà. Ó di 2022 kí ìgbìmọ̀ ìlú tó tọrọ àforíjì.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi ni ọ̀gá mi nínú ilé ìdáná, òyìnbó àgbàlagbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́ lórí ìyẹ̀fun. Ó ní ọ̀rẹ́ òun wà nínú iná náà. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 24 oṣù kẹfà bá pé, yóò gba àyè wákàtí kan lẹ́nu iṣẹ́, yóò mú òdòdó kan lọ sí igun náà, yóò sì padà wá láìsọ̀rọ̀. Fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, n kò béèrè ibi tó ń lọ. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, Àǹtí. Mo mọ irú ẹni tó jẹ́, mo máa ń kí i, mo máa ń ṣe iṣẹ́ mi, mi ò fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005, ìjì Katrina dé. Odi omi wó, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà sì bọ́ sábẹ́ omi. Ilé tí a háyà ní Gentilly, omi dé àjà. Houston ni a sá lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti báàgì méjì. Marigny tí ọ̀gá mi ń gbé wà lórí ilẹ̀ tó ga lẹ́bàá odò, omi kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun ló wá wa kàn lórí fóònù. Ó ní yàrá méjì ṣófo nílé òun àti ẹnìkejì òun, kí a máa bọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n ń ji ọmọ mi kékeré fún ilé ìwé. Àwọn ìbátan kan wà tí n kò ní dárúkọ, tí ilé wọn tóbi ju ìyẹn lọ, tí wọn kò pè wá. Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, mo bá a lọ sí igun Iberville pẹ̀lú òdòdó tèmi.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé, “n kò fèsì,” mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kò ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pè é. Ẹ pè é lọ́jọ́ tí ẹ̀yin nìkan wà nílé, kí ẹ sọ fún un pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó má wá sin ìyá rẹ̀, àti pé ó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má dì í di New Orleans. Bí ẹ bá gbé e wá sórí tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, òun ni yóò tún di ẹni tó ń tù yín nínú, ọjọ́ rẹ̀ ni yóò sì lọ sí i. Ẹ sọ ọ́ níbí, láti Iléṣà, kí ọwọ́ yín lè ṣófo láti jo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣètò.

Oṣù kẹwàá dára púpọ̀. Ooru ti rọlẹ̀, òjò kì í pọ̀, ìjì sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà ìjì kì í parí pátápátá títí di òpin oṣù kọkànlá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sún un sí ìgbà Southern Decadence, ẹ kọ̀. Àjọ̀dún ńlá àwọn géè ni, láti 1972 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì máa ń bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ayọ̀ wọn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kì í pọ̀ lára, ooru sì máa ń mú bí iná. Kì í ṣe ibi tí ẹ̀gbọ́n ẹni tí ń jókòó wo àbúrò rẹ̀. Mardi Gras náà, àjọ̀dún ńlá ìlú náà tó ń parí ní ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mìíràn: ẹ fojú inú wo èrò Olójó ní Ẹnuwá, kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì, kí iye yàrá sì di ìlọ́po mẹ́ta. Kí ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ Halloween, gbogbo ìlú ló ń wọ aṣọ eégún, owó òtẹ́ẹ̀lì sì máa ń gòkè. Ẹ dé ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ajé. N ó sọ ìdí tí mo fi mú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Marigny ni kí ẹ dé sí. Ó wà lódì kejì Esplanade Avenue sí French Quarter, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí gbogbo ibi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ó sùn lóru. Ilé àlejò kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, àwọn géè ló sì ni díẹ̀ nínú wọn. Yàrá méjì, Àǹtí. Ẹ má sọ pé ẹ ó bá wọn pín yàrá kí owó lè dín. Bí ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bá wù yín, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìlú wà lára ìpolówó rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ẹ má san kọ́bọ̀.

Inú yín yóò dùn sí àwọn ilé ibẹ̀. Ẹ ó rí ilé tóóró, yàrá kan tẹ̀lé ìkejì, tí ìlẹ̀kùn wọn to ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Shotgun ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, ṣàlàyé ní 1976 pé inú ilé Yorùbá ni irú ilé náà ti ṣẹ̀ wá: àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Haiti ló kọ́ ọ níbẹ̀, àwọn tó ti Haiti wá sì gbé e dé New Orleans. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo wá mọ ìdí tí ẹsẹ̀ mi fi mọ ọ̀nà yàrá ìdáná lóru nínú ilé ọ̀gá mi láìtan iná. Ẹ fi han àbúrò yín.

Oúnjẹ kò ní já yín kulẹ̀. Gumbo ni ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Èdè àwọn ará Áfíríkà tó ń pe ilá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mú un, èyí tí wọ́n sì fi ilá sè, pẹ̀lú edé àti alákàn, àfi bíi pé ìyàwó Ìjẹ̀ṣà kan ló dúró tì í. Ìyẹ̀fun àti òróró ni wọ́n máa ń yan títí yóò fi pọ́n kí wọ́n tó da omi sí i, ìyẹn ló fi dúdú. Ní Orleans Avenue, ẹ lọ jẹun ní Dooky Chase's, tó ti wà láti 1941. Leah Chase tó dáná níbẹ̀ títí ó fi darúgbó, tó kú ní 2019, ló bọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà tí òfin ṣì ń kà á léèwọ̀ kí dúdú àti funfun jókòó jẹun pọ̀. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n lè fi àyè sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ mú kọfí oníwàrà ní Café du Monde lẹ́bàá odò, wọ́n ti ń tà níbẹ̀ láti 1862. Beignet rẹ̀, mẹ́ta nínú àwo kan, ìbátan puff-puff wa ni, tí wọ́n da ṣúgà lẹ́búlẹ́bú bò mọ́lẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ dúdú lọ, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá wà lẹ́nu yín. Bí ẹ bá sì rí calas níbikíbi, ẹ rà á. Àkàrà ìrẹsì ni. Àwọn obìnrin dúdú ló máa ń rù ú káàkiri French Quarter láyé àtijọ́, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ pé ó gbóná fẹlifẹli.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró di Ajé nìyí: ọjọ́ Ajé ni gbogbo ìlú ń jẹ ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì. Ọjọ́ ìfọṣọ ni Ajé láyé àtijọ́, obìnrin á gbé ẹ̀wà sórí iná kó máa hó fúnra rẹ̀ bó ṣe ń fọṣọ. Louis Armstrong, ọmọ ìlú náà tí wọ́n bí ní 1901, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi orúkọ oúnjẹ náà parí lẹ́tà rẹ̀.

Ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi fún àdúgbò Tremé. Ìjọ Àgùdà kan wà níbẹ̀, St. Augustine, tí àwọn dúdú tó ti gba òmìnira àti àwọn ẹrú jọ ń jókòó sí láti 1842. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n gbé àgbélébùú ńlá kan tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe, tó dùbúlẹ̀, fún gbogbo ẹrú tí wọ́n sin láìmọ orúkọ wọn. Láti ibẹ̀, kò jìnnà sí Congo Square. Láti 1817, òfin ìlú ní ibì kan ṣoṣo, ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan, ni àwọn ẹrú ti lè pé jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń tajà. Mo máa ń bọ́ bàtà mi níbẹ̀. Oko ẹrú kan wà lóde ìlú, Whitney Plantation, tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 2014 láti sọ ìtàn àwọn ẹrú fúnra wọn, ó tó wákàtí kan nínú mọ́tò. Ó yẹ ní rírí, ṣùgbọ́n n kò ní fi í sínú ọjọ́ ìbí. Ọkàn kì í tètè dìde kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ ìbí gan-an. Àwọn dúdú ìlú náà ní ẹgbẹ́ aláfẹ́ tó tún ń ran ara wọn lọ́wọ́, irú ẹgbẹ́ aláàjọ wa, tí wọ́n máa ń sin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dá aṣọ kan náà, dé fìlà kan náà, wọ́n á gba ẹgbẹ́ onífèrè, wọ́n á sì jó káàkiri àdúgbò. Àwọn tó bá ń jó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní second line. Láti òpin ìgbà ooru títí di oṣù kẹfà, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹgbẹ́ kan kò jáde. Ẹ bá wọn jó lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe ti ara yín pẹ̀lú. Wọ́n máa ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti mú ẹgbẹ́ onífèrè jáde fún ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí, ọlọ́pàá á sì dá mọ́tò dúró fún yín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè. Àwọn tó ń gba iṣẹ́ fún àwọn onífèrè ló máa ń bá èèyàn gba ìwé náà. Ìnáwó tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe láti èwe nìyẹn. Kí ọkọ̀ dúró, kí fèrè máa dún, kí àbúrò yín máa jó ní àárín títì lẹ́ni 50 ọdún, kí ẹ máa ná owó mọ́ ọn lórí! Mo ti rí ọmọ Yorùbá tó ṣe é ní Frenchmen Street, àwọn onífèrè náà kò sì gbàgbé wa.

Ní alẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì dá lọ sí Bourbon Street. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n, ìgbafẹ́ tiwọn ni. Ẹ̀yin ẹ lọ gbọ́ orin ní Preservation Hall ní St. Peter Street, láti 1961 ni wọ́n ti ń lu jáàsì àtijọ́ níbẹ̀, wọn kì í ta ọtí rárá, kì í sì í ju wákàtí kan lọ. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wọ ọkọ̀ orí irin ti St. Charles, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25, ẹ jókòó sí ojú fèrèsé kí ẹ máa wo ilé àwọn olówó lábẹ́ igi óòkù. Láti 1835 ni ojú irin náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fetí sí èyí. Ọmọkùnrin kan yóò bá yín ní French Quarter, yóò ní òun mọ ibi tí ẹ ti rí bàtà yín, kí ẹ jẹ́ kí a fi ogún dọ́là ta tẹ́tẹ́ lé e. Ẹ ó rò ó pé Iléṣà ni mo ti rà á, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ yín ni bàtà wà, ní Bourbon Street. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Kí bàtà yín jẹ́ pẹlẹbẹ, ọ̀nà ibẹ̀ kún fún kòtò bí ti Làgéré. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn kọjá títì North Rampart, takisí ni kí ẹ wọ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025, ẹnì kan wa ọkọ̀ wọ àárín èrò ní Bourbon Street, ó pa ènìyàn 14. Wọ́n ti ń dí ọ̀nà náà báyìí bí èrò bá pọ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ gba ibòmíràn, ẹ gbà á.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Òun ló ká mi lára jù nínú gbogbo ìmọ̀ràn yìí, nítorí Nàìjíríà ni ẹ ó padà sí. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó irú tiwọn, ó sì fi ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ ya fọ́tò tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí àbúrò yín máa tọ́jú wọn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Atlanta. Ẹ má fi ọ̀kankan sí WhatsApp, kì í ṣe státọ́ọ̀sì, kì í ṣe ojú ewé ẹbí. Kí fóònù tí ẹ bá gbé sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà má ní nǹkan kan tí ẹlòmíràn lè fi halẹ̀ mọ́ yín. Ẹ tẹ ẹyọ kan sórí ìwé, èyí tí ẹ̀yin àti àbúrò yín nìkan wà, kí ẹ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

Láti Houston, ọkọ̀ òfuurufú bíi wákàtí kan, mọ́tò bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti ohun tí ẹ ó máa pè é, àṣà wa ti dáhùn kí ẹ tó béèrè. Ọmọ tí wọ́n bí sílé ṣáájú ọjọ́ tí ìyàwó wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀yin ti wà nílé kí ó tó dé. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, òun ni kó máa pè yín ní Àǹtí, àbúrò yín yóò sì kọ́ ọ. Kò mọ ìdọ̀bálẹ̀, ẹ má retí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í han ẹnikẹ́ni, ẹ sọ pé, “àna mi nìyí.” Ọ̀gá mi sọ fún mi nígbà kan pé fún ọdún 30, “ọ̀rẹ́” ni ìyá òun ń pe ẹnìkejì òun.

Aṣọ òkè ló kù. Nínú àjò yìí, ẹni mẹ́ta lẹ jẹ́. Ẹ lọ sí ọjà Àtakúmọ̀sà kí ẹ ra ẹtù tó dára, kí ẹ gé gèlè tiyín lára rẹ̀, kí èyí tó kù jẹ́ ti fìlà. Kí ẹ tó lọ bá aránfìlà, ẹ ní kí àbúrò yín fi okùn wọn orí rẹ̀ ránṣẹ́, kó sì wọn ti ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ ọn. Kó wọn ọ́n dáadáa: orí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tóbi ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹtù kì í sì í fà.